Kóòṣì Àdéhùn àti Àtẹ̀gùn Ọgọ́ta

Ẹni tó bá ní òun mọ olóògbé Kóòṣì Àdéhùn, tí kò sì mọ ọ̀rọ̀ eré alápatà, irọ́ ló ń pa. Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ máa ń sọ, òun náà la ó fi bẹ̀rẹ̀.

Eré kìlómítà mẹ́wàá ni, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń sá lọ́dọọdún. Odidi oṣù mẹ́fà ni Kóòṣì fi tọ́ alápatà yìí, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Lọ́jọ́ eré, a ò mọ ohun tó gbé e wọ̀. Nígbà tó ku bí ogún ìgbésẹ̀ kó kan okùn ìparí, òun ló wà níwájú gbogbo wọn. Èèyàn ń pariwo, ìyàwó rẹ̀ ń fò sókè. Àfi bí Kóòṣì ṣe já sójú títì, ìwé lọ́wọ́ ọ̀tún, bírò lọ́wọ́ òsì.

“Dúró!”

Alápatà dúró. Ìyẹn gan-an ni kò yé ẹnikẹ́ni títí dòní, pé ó dúró.

“Kí ló dé, Kóòṣì?”

“Kí la kọ sí ìpínrọ̀ kejì?”

“Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, okùn ìparí nìyẹn!”

“Mo rí i, mi ò fọ́jú. Kí la kọ?”

Alápatà ń mí hẹlẹhẹlẹ. “A kọ pé… a kọ pé mo fẹ́ ṣe ipò kẹta.”

“Ipò kelòó lo wà báyìí?”

“Ìkíní.”

“Ó dáa. Ṣé o ti yí ọkàn padà ni? Tó o bá ti yí i padà, kò burú, a ó tún un kọ, àwa méjèèjì á fọwọ́ sí i. Tó ò bá sì tíì yí i padà, jẹ́ kí èèyàn méjì kọjá.”

Alápatà ní òun ti yí i padà. Ó gba bírò, bírò ò yọ. Kóòṣì gbọ̀n ọ́n, ó fi ha àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó mí èémí gbígbóná sí i lẹ́nu. Kí ó tó yọ, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí Kóòṣì tó kọ déètì, èèyàn mọ́kànlá ti kọjá. Bí alápatà ṣe ṣe ipò kejìlá nìyẹn, pẹ̀lú àdéhùn tuntun fún ipò kìíní lọ́wọ́. Odidi ọdún kan ni ìyàwó rẹ̀ ò fi kí Kóòṣì. Ṣùgbọ́n alápatà fúnra rẹ̀ fi férémù sí ìwé yẹn, ó gbé e kọ́ sókè ibi tó ti ń gé ẹran, ó sì máa ń fi han oníbàárà tó bá ní sùúrù.

Ẹ má rò pé bí wọ́n ṣe bí Kóòṣì nìyẹn o. Olùkọ́ eré ìdárayá ni, ó fẹ̀yìn tì, kò mọ ohun tó máa fi ara ṣe, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ṣe máa sáré, bí wọ́n ṣe máa rìn, bí wọ́n ṣe máa mí. Ẹni tó kọ́kọ́ wá bá a ni onígbàjámọ̀ tó wà níkòríta. Onígbàjámọ̀ ní, “Kóòṣì, ẹ sọ mí di ẹni tín-ín-rín.” Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọkùnrin yẹn ti di ẹni tín-ín-rín lóòótọ́. Lọ́jọ́ kan tó ń fá orí fún ẹnì kan, ṣòkòtò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò sì lè fà á sókè nítorí abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe parí orí yẹn báyìí, ilé Kóòṣì ló gbà lọ.

“Ikùn nìkan ni mo ní lọ́kàn!” ló ń ké. “Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi? Ìyàwó mi ní òun ò mọ ẹni tó ń wọlé mọ́!”

“Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?”

“Ṣé ó yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́ ni?”

Kóòṣì jókòó, ó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti lọ yẹn. Láti ọjọ́ náà, kò tún bá ẹnikẹ́ni sáré dé ẹnu géètì láìkọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé náà wá di ojú ewé méje. Ìyàwó rẹ̀, tó ti ṣe akọ̀wé rí, ló ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tẹ̀ ẹ́ nínú pálọ̀, ó ń ṣépè fún lẹ́tà tó máa ń há. Gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀: ohun tí oníbàárà fẹ́, ohun tí Kóòṣì máa ṣe, ohun tí Kóòṣì ò ní ṣe láéláé, ọjọ́ tó máa parí, àti bí ẹnì kan ṣe lè sọ pé òun ò ṣe mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n di ọ̀tá. Àpérò lórí ìpínrọ̀ kan lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan tilẹ̀ ti rù tán níbi àpérò nìkan, wọn ò tíì wọ bàtà.

Ìpínrọ̀ àṣírí ló burú jù. Kóòṣì ṣèlérí nínú rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé oníbàárà ń gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ òun. Tíṣà obìnrin kan fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà, bí tíṣà bá ń rìn ní apá ọ̀tún títì láàárọ̀, Kóòṣì á wà ní apá òsì, á bo ojú mọ́ inú ìwé ìròyìn, á máa pàṣẹ fún ògiri. “Gbé apá rẹ sókè! Má tẹ̀!” Ògiri ò dá a lóhùn. Nígbà tí tíṣà ṣubú lọ́jọ́ kan, ó sá lọ bá a, ó gbé e dìde, ó wá gbóhùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá tí mi ò mọ̀ rí. Ọ̀la, aago mẹ́fà.”

Ajá kan wà ládùúgbò, ti télọ̀, tó máa ń lé àwọn oníbàárà Kóòṣì. Ẹlòmíì á sọ òkò lù ú. Kóòṣì tẹ̀ ẹ́ síwèé. Ó kọ ọ́ pé ajá lè lé èèyàn láti ẹnu ọ̀nà télọ̀ títí dé òpó iná kejì, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀, kò gbọdọ̀ gé ẹnikẹ́ni jẹ, Kóòṣì ní tirẹ̀ á sì máa fún un ní eegun lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ki ẹsẹ̀ ajá bọ yíǹkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹ gbà mí gbọ́ tàbí kẹ́ ẹ má gbà mí gbọ́, ajá yẹn ò kọjá òpó iná kejì mọ́ títí ó fi kú. Alápatà máa ń ní òun ò rí oníbàárà Kóòṣì tó pa àdéhùn mọ́ tó ajá.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. Kóòṣì gbé ìwé ìgbéyàwó wọn síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní àlàfo inú rẹ̀ ti pọ̀ jù.

“Àlàfo wo?”

“Kò sọ ẹni tó máa dìde lọ pa iná.”

“Ọdún méjìlélógójì lẹ ti ń dìde lọ pa á.”

“Ìyẹn ni mò ń sọ. Orí kí ni mò ń dúró lé?”

“Orí ẹsẹ̀ yín. Ẹ lọ pa iná.”

Ó lọ pa á.

Èyí tí mo wá fẹ́ sọ gan-an ni ti Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga kan ni ìyá yìí ń gbé, ilé búrẹ́dì rẹ̀ nísàlẹ̀, yàrá rẹ̀ lókè pátápátá, ọgọ́ta àtẹ̀gùn láàárín méjèèjì. Ogójì ọdún ló ti ń gbà á lọ tó ń gbà á bọ̀. Ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ, ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì sanra. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sáàárín àtẹ̀gùn, kò lè gòkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀, àfìgbà tí wọ́n wá bá a níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbọ́, ó wa mọ́tò wá láti ìlú tó ń gbé.

“Mọ́mì, ó tó. Ẹ máa bá mi lọ. Ẹ jẹ́ ká ti ilé búrẹ́dì pa.”

“Èmi? Kí n máa lọ síbo?”

“Mọ́mì, ẹ lè kú sórí àtẹ̀gùn yìí!” Ọmọ náà fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á. “Ó dáa, ẹ gbọ́. Mò ń padà bọ̀ níparí oṣù. Tẹ́ ẹ bá gùn ún láti ìsàlẹ̀ dókè láìdúró, níṣojú mi, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Tẹ́ ò bá lè gùn ún, ẹ ó di ẹrù yín.”

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ránṣẹ́ sí Kóòṣì. Kóòṣì dé, ó gbé ìwé ka orí tábìlì tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun.

“Kí lẹ fẹ́, Mọ́mì?”

“Ìlera.”

“Rárá.”

“Kí ló ń jẹ́ rárá?”

“Ìlera ò ṣeé fọwọ́ sí. Báwo la ṣe máa mọ ọjọ́ tá a débẹ̀? Ẹ lọ rò ó, mo máa padà wá lọ́la.”

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ní òun fẹ́ kí orúnkún má dun òun mọ́. Kóòṣì ní òun kì í ṣe dókítà. Lọ́jọ́ kẹta, inú ti bí ìyá.

“Mo fẹ́ kó o kúrò níwájú mi!”

“Ìyẹn ṣeé ṣe, a sì máa mọ̀ tó bá ti ṣẹlẹ̀. Ṣé kí n kọ ọ́?”

Ìyẹ̀fun pípò ló fi sọ̀kò sí i. Ó bà á létí. Kóòṣì nù ún kúrò, ó ní ó dọ̀la.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá jókòó, kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Mi ò fẹ́ kúrò nílé mi,” ló sọ. “Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mi ò gbọ́ òórùn búrẹ́dì mi láti ìsàlẹ̀, Kóòṣì, mi ò ní mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́.”

Kóòṣì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. “Ìyẹn ṣeé fọwọ́ sí,” ló wí. Ohùn rẹ̀ ò le bó ṣe máa ń le.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyókù. Kóòṣì máa gun gbogbo àtẹ̀gùn tí ìyá bá gùn, lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní fọwọ́ kàn án, kò ní fà á, kò ní tì í. Ọ̀rọ̀ oníbàárà nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa sọ lórí àtẹ̀gùn. Ìyá ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣe irú ìyà yẹn láìbú èèyàn. Ó ní èébú mẹ́wàá lóòjọ́ lòun fẹ́.

“Ẹyọ kan,” ni Kóòṣì wí.

“Mẹ́jọ.”

“Mọ́mì, orí mi ni wọ́n ń bú o. Méjì.”

“Mẹ́ta, èyí tí mi ò bá sì lò lónìí á di tọ̀la.”

Kóòṣì ronú títí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì èébú sára ògiri ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kí ìjà má bàa dé.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá ò rí ọ̀kan fi pamọ́, kò tíì dé àjà kìíní tó fi máa ná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. “Orí ẹ bí àpótí lẹ́tà!” á wí. Kóòṣì á dáhùn pé, “Méjì ló kù.” Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, èémí rẹ̀ ń gùn sí i, èébú ń ṣẹ́ kù. Ó dé àjà kejì, ó dé àjà kẹta. Nígbà tí oṣù fi máa parí, ìyá ní èébú mọ́kànlá nípamọ́, ṣùgbọ́n kò tíì gun ọgọ́ta yẹn láìdúró rí.

Ọmọ dé ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó gbé àpótí òfìfo kan gòkè lọ, ó dúró ti ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀. Ìyá wà nísàlẹ̀, épúróònù funfun lọ́rùn. Kóòṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yá.

Àjà kìíní, kò sí wàhálà. Àjà kejì, òógùn ń bọ́. Àjà kẹta, ẹsẹ̀ ìyá ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó ku méjìlá. Ìgbà yẹn ló gbọ́ nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, èémí ẹni tí afẹ́fẹ́ ò tó. Ó yíjú. Kóòṣì ti fi ọwọ́ méjèèjì di irin àtẹ̀gùn mú, ojú rẹ̀ ti ṣá.

Ìyá ò gbọdọ̀ dúró. Bó bá dúró, ilé rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ló bá ń gbé ẹsẹ̀ sókè sódò lójú kan, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, lórí àtẹ̀gùn kan náà.

“Kóòṣì, kí ló ń ṣe ẹ́?”

“Ọ̀rọ̀ oníbàárà nìkan… lórí àtẹ̀gùn. Ẹ máa lọ, Mọ́mì.”

“O ní o máa gun gbogbo èyí tí mo bá gùn!”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ ọ́.”

“Mélòó ló kù fún mi lára ògiri?”

“Mọ́kànlá.”

“Ó dáa.” Ìyá gòkè sórí àtẹ̀gùn kan. “Etí ẹ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbàgbé láti tì!”

Kóòṣì gbé ẹsẹ̀, ó gun ọ̀kan. “Mẹ́wàá,” ló wí.

“Orúnkún ẹ bí ọ̀rọ̀ tí kò parí!”

“Mẹ́sàn-án.”

“Olóríkunkun! Oníwèé! Ìwọ tó tẹ ajá síwèé!”

“Ìyẹn… mẹ́ta ni.”

“Kọ ọ́ sílẹ̀!”

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gòkè, èébú kan, àtẹ̀gùn kan. Ó bú imú rẹ̀, ó bú bàtà rẹ̀, ó bú fèrè tó máa ń kọ́ sọ́rùn. Ọmọ tó wà lókè ya ẹnu, kò lè pa á dé. Nígbà tó ku àtẹ̀gùn kan, èébú ti tán. Ìyá ti dé òkè, ó dojú kọ ọ́, ó ṣì ń gbé ẹsẹ̀ sókè sódò. Kóòṣì ò mira.

“Kóòṣì,” ni ìyá wí, “jọ̀ọ́.”

Ó gùn ún.

Ọmọ ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ ò dúró báyìí?”

“Ṣé o rí i tí ẹsẹ̀ mi dúró?”

Ọmọ ò rí i. Ó wo àpótí, ó wo ìyá rẹ̀, ó wá fà á mọ́ra, ó bú sẹ́kún. Ìyá kò kúrò nílé rẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Kóòṣì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tọrọ bírò, ó kọ “Ó ti parí” sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó fọwọ́ sí i.

Ìyàwó Kóòṣì ló tú àṣírí nígbà tó wá fà á lọ sílé. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtẹ̀gùn ni dókítà ti sọ fún ọkọ òun pé ọkàn rẹ̀ ò dáa, pé kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ gun nǹkan kan. Ìyá Oníbúrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi? À bá tún un kọ!”

“Ṣé ẹ fẹ́ kúrò nílé yín?”

“Rárá!”

“Kí la fẹ́ wá tún kọ?”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà, Kóòṣì tún wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ìyá ní, “Àdéhùn ti parí.” Ó ní òun mọ̀. Kò mú ìwé lọ́wọ́, kò mú bírò. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ìyá gòkè lọ fúnra rẹ̀, ó ń ka àtẹ̀gùn sókè kí ó lè máa gbọ́. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó gé búrẹ́dì gbígbóná sí méjì, wọ́n jọ jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Oṣù méje ló fi ń wá. Ìyàwó rẹ̀ ní nínú gbogbo ayé rẹ̀, ìyẹn nìkan ni nǹkan tí òun mọ̀ pé ó ṣe tí kò kọ sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kú, lórí àga rẹ̀, wẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, pálọ̀ rẹ̀ kún. Alápatà ti fi ìtàn eré àti àdéhùn ipò kìíní rẹ̀ pa gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín tán, kódà ìyàwó olóògbé rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníbúrẹ́dì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì mú lórí itan.

“Nǹkan kan ń dùn mí,” ló wí. “Oṣù méje la fi jókòó síbẹ̀ láràárọ̀. Mi ò rántí bá a ṣàdéhùn pé kó má kú.”

Ìyàwó olóògbé dìde, ó wá jókòó tì í, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ìyá,” ló wí, “ká ní ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ọkùnrin yẹn kì bá tí lè kú.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé épúróònù ló fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ni kò lè dáwọ́ ojú nínù dúró mọ́, ìyàwó olóògbé náà ò sì lè dáwọ́ tirẹ̀ dúró.